Ẹ má fi ẹja du Bàbá nítorí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀

Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi ni pé wọ́n rí kókó nínú ẹ̀dọ̀ wọn, AFP wọn (purotéènì kan tí wọ́n máa ń yẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀) ga, dókítà sì ní àwọn purotéènì tó ń darí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ti kúrò létò, pé òun ló ń mú kókó náà dàgbà. Ni ẹ̀gbọ́n màmá yín bá ní kí wọ́n má fún wọn ní ẹyin, ẹ̀wà àti ẹja mọ́, kí jẹjẹrẹ má baà rí nǹkan jẹ. Ẹ wá ń béèrè bóyá òótọ́ ni.

Kì í ṣe òótọ́. Ẹ dá ẹja padà sínú ọbẹ̀ lónìí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́ mi. Wẹ́dà ni wọ́n ní Lafẹ́nwá níbí, alágbára ènìyàn. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó wọn tó ń rọbí ni wọ́n gbọ́ pé hepatitis B, kòkòrò àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jà, wà lára wọn. Nǹkan kan ò dùn wọ́n, wọ́n sì pa á tì. Ọdún gorí ọdún, ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ni ilé bá kún fún olùdámọ̀ràn. Ẹnì kan ní kí wọ́n sá fún ẹran, ẹlòmíràn ní ẹyin ló ń bọ́ kókó, ó wá ku láfún àti ẹ̀fọ́ lásán, pẹ̀lú àgbo inú kẹ́ẹ̀gì tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀bátí wọn jìn, egungun èjìká yọ lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ikùn ò yéé ga. Bí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ wọn, ojú ibẹ̀ á kòtò, kò sì ní tètè dìde. Nígbà tí a gbé wọn dé ilé ìwòsàn, dókítà ò tíì sọ̀rọ̀ kókó rárá tó fi bá àwọn ará ilé wí nítorí ebi.

Purotéènì tí dókítà yín ń sọ, inú sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti ń ṣe é. Jíìnì, àṣẹ àjogúnbá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ló ń pàṣẹ èyí tí wọ́n máa ṣe àti iye tí wọ́n máa ṣe. Ẹyin tí Bàbá bá jẹ, inú á ti fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ kí ó tó wọ ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe òun ló ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì. Ẹ wo AFP yẹn náà: ẹ̀dọ̀ ọmọ inú oyún ló ń ṣe é lọ́pọ̀lọpọ̀. Lẹ́yìn ìbí, ara á pa jíìnì rẹ̀ lẹ́nu mọ́, tó fi jẹ́ pé bíńtín ló máa ń kù lára àgbàlagbà. Ní 1964 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Tatarinov rí i lára àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀: sẹ́ẹ̀lì àgbà tún ń ṣe ohun tí wọ́n ti ní kó má ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n ó lè ga nítorí oyún tàbí nígbà tí hepatitis bá ń jà, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ míràn sì wà tí kì í gbé e sókè, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń so sikáànù mọ́ ọn.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú àwọn purotéènì yẹn ni p53. Òun ni bíréèkì. Bí nǹkan bá ba DNA sẹ́ẹ̀lì (ohun tí wọ́n fi ṣe jíìnì) jẹ́, p53 á dá a dúró kó má pín sí méjì títí tí yóò fi tún ara rẹ̀ ṣe. Bí kò bá ṣeé tún ṣe, á ní kó kú. Kì í sì í ṣe pé bíréèkì yẹn ń wà ní títẹ̀ ṣáá: purotéènì kan tó ń jẹ́ MDM2 máa ń sàmì sí i lára kí wọ́n lè fọ́ ọ dànù, kí ara lè ráyè dàgbà. Ṣíṣe níhìn-ín, fífọ́ lọ́hùn-ún, ìyẹn ni ètò tí dókítà ní ó ti dàrú. Hepatitis B ń gbé purotéènì tirẹ̀ wọlé, HBx, tó ń dí p53 lọ́wọ́. Ẹ̀pà àti àgbàdo tó bu sì tún lè ní májèlé aflatoxin nínú. Ní 1991 ni àwọn onímọ̀ rí i lára àwọn aláìsàn ní gúúsù Áfíríkà àti ní Ṣáínà pé ojú kan náà, tí wọ́n ń pè ní codon 249, ni jíìnì p53 ti ń bàjẹ́ lemọ́lemọ́, wọ́n sì fura sí aflatoxin. Ẹni tí hepatitis B àti aflatoxin bá pàdé lára rẹ̀, ewu tirẹ̀ pọ̀ gan-an. Èmi ò kí í jẹ ẹ̀pà tí mi ò bá ṣà lórí àwo mọ́. Èyí tó bá hunjọ tàbí tó dúdú, mo ń jù ú nù, nítorí yíyan kì í pa májèlé yẹn tán.

Purotéènì míràn tó ń jẹ́ β-catenin náà wà níbẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáṣá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni wọ́n ń fọ́ ọ. Nínú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, jíìnì rẹ̀ ti yí padà, wọn ò rí i fọ́ mọ́, ó wá ń pàṣẹ ìdàgbà láìsinmi. Àwọn oògùn tó wà báyìí, ibòmíràn ni wọ́n ń bá jà. Sorafenib, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ní 2007, ń dí àṣẹ tí kókó fi ń pe iṣan ẹ̀jẹ̀ sọ́dọ̀. Atezolizumab pẹ̀lú bevacizumab tẹ̀lé e ní 2020. Owó ńlá ni gbogbo wọn. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà bóyá kókó náà ṣì kéré tó láti gé tàbí láti fi ooru ẹ̀rọ jó ní ilé ìwòsàn.

Ní ti oúnjẹ, ohun tí wọ́n ń gbà wá níyànjú fún ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le (cirrhosis) ni gíráàmù purotéènì 1.2 sí 1.5 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ẹni tó bá tó kílò 60 nílò 72 sí 90, ẹyin kan ò sì ju bíi 6 lọ, ẹ ṣírò rẹ̀. Mọ́ínmọ́ín, ẹja, ẹ̀wà, díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí wọ́n sì tún panu kí wọ́n tó sùn. Iyọ̀ àti Maggi ni kí ẹ dín kù bí ikùn bá ní omi. Àgbo, ẹ dá a dúró. Ẹ má bá ẹ̀gbọ́n màmá yín jiyàn nílé, ẹ mú wọn dání lọ bá dókítà, kí wọ́n béèrè fúnra wọn.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé hepatitis B ló bá Bàbá jà, kí gbogbo ọmọ àti ìyàwó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi kú ni a yẹ tiwa wò, ó sì wà lára mi. Tenofovir, oògùn tó ń kápá kòkòrò náà, ni mò ń lò, mo sì ń ṣe sikáànù àti AFP ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹni tí kò bá ní i, kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọmọ tuntun, láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bá bí i.