Ta ni yóò polówó ọṣẹ fún ẹni tó ń sá àsálà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àbúrò mi wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí wọ́n kó kúrò ní Sudan lọ́dún 2023. Títí dòní ló ń wá ìròyìn àwọn ọ̀rẹ́ tó fi sílẹ̀. Ṣé fídíò orí WhatsApp kò tó ni? Kí ni àwọn ìjọba tún ń náwó aráàlú sórí rédíò tó ń sọ̀rọ̀ sí ilẹ̀ mìíràn fún?

Ìdáhùn: A dúpẹ́ pé àbúrò rẹ délé láyọ̀. Ìbéèrè yìí ti ń sú mi í dáhùn, torí ibì kan náà ni gbogbo yín ti ń ṣì í: ẹ rò pé ibi tí ogun bá wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á wà níbẹ̀. Ta ló sọ fún yín? Lóṣù Kejì ọdún 2024, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kú ní ibi tó pọ̀ jù lọ ní Sudan. Èèyàn kò lè pe ìyá rẹ̀, kò lè gba owó tí ẹbí fi ránṣẹ́ sórí fóònù, bẹ́ẹ̀ owó yẹn ni ọ̀pọ̀ fi ń jẹun. Fídíò tó dé ọwọ́ rẹ lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, ibo ló gbà wá?

Ṣọ́ọ̀twéèfù, ìyẹn irú rédíò tí ohùn rẹ̀ ń lọ jìnnà, kò nílò òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ilẹ̀ mìíràn ni wọ́n ti ń tàn án. Á gòkè lọ kan òfuurufú, á tún dà padà sílẹ̀ lọ́nà jíjìn réré, rédíò kékeré oníbátìrì á sì gbé e.

Wo BBC. Lóṣù Kìíní ọdún 2023, wọ́n ti rédíò èdè Lárúbáwá wọn pa lẹ́yìn ọdún 85, wọ́n ní owó kò tó. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin, ogun Sudan bẹ́. Oṣù Karùn-ún, wọ́n ti ń sáré gbé ètò pàjáwìrì dìde fún Sudan, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Bí ẹni tó ta agbòòjò lójú ẹ̀ẹ̀rùn. Ilé iṣẹ́ tó ń fi ìpolówó jẹun kò tiẹ̀ ní débẹ̀ rárá. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 10 ti fi ilé sílẹ̀, àmọ́ kò sí oníbàárà nínú wọn.

N kò ní kí o gba gbogbo ohun tí BBC bá wí o. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó ń fún ẹ̀ka wọn tòkèèrè lówó. Gbọ́ ti ẹlòmíì náà.

Ní ti àbúrò rẹ, kó lọ bi Red Cross. Ẹbí ni wọ́n sábà máa ń bá èèyàn wá, n kò lè ṣèlérí ti ọ̀rẹ́. Bí ọ̀rẹ́ kan bá sì fọhùn, kó má gbé orúkọ tàbí ibi tó wà sórí Facebook. Àwọn ológun náà ní fóònù.