Má Fi Dúdú Ṣe Òjìji fún Yẹ́lò

Àbúrò mi ní Oǹdó, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní o da wash dúdú, ọ̀dà tó ṣàn bí omi tí a fi ń ṣe òjìji, sára àwọn ọmọ ogun Imperial Fists rẹ, àwọn ère kékeré oníhámọ́ra yẹ́lò inú eré Warhammer 40,000, yẹ́lò tó ń dán gbinrin tẹ́lẹ̀ wá di àwọ̀ ewé tó dọ̀tí. O tún ń béèrè bóyá ayédèrú ọ̀dà ni wọ́n tà fún ọ, àti bóyá ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó o fẹ́ kùn ní àwọ̀ ọsàn. Ọ̀dà rẹ kò ní àbùkù. Dúdú ni kò bá yẹ́lò rẹ́. Ó ti pẹ́ tí èmi àti yẹ́lò ti ń fà á ní Àkúrẹ́ níbí, mo sì mọ àwọn ọmọ yunifásítì FUTA tó ń kun ère tí wọ́n ti pa á tì pátápátá nítorí ìyà tó fi jẹ wọ́n. Ó máa ń dùn mí, torí tí wọ́n bá to ère sórí tábìlì, yẹ́lò tí wọ́n kùn dáadáa ni ojú kọ́kọ́ ń lọ bá.

Ohun tó fà á nìyí. Èédú ni wọ́n sábà fi ń ṣe dúdú inú ọ̀dà, dúdú bẹ́ẹ̀ sì máa ń ní búlúù díẹ̀ nínú tí ojú kì í tètè rí. Kó o ṣáà ti tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ lé orí yẹ́lò, búlúù yẹn á jáde, àwọ̀ ewé ni wọ́n á sì jọ bí. Ohun mìíràn tó tún wà níbẹ̀ ni pé nínú gbogbo àwọ̀, yẹ́lò ló mọ́lẹ̀ jù lẹ́yìn funfun. Pupa lè ṣókùnkùn kó ṣì máa jẹ́ pupa. Búlúù náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Yẹ́lò kò lè ṣe é. Tó bá ti ṣókùnkùn, àwọ̀ mìíràn lojú ń rí. Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé a kì í wá dúdú fún òjìji rẹ̀, àwọ̀ tó bá a tan là ń wá: àwọ̀ ọsàn ló kọ́kọ́ kàn, kí búráùn tó pupa tẹ̀ lé e ní kọ̀rọ̀ tó jìn. Mú ìbẹ́pẹ tó pọ́n dáadáa lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kó o wo ẹ̀gbẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ kò dé. Àwọ̀ ọsàn lo máa rí níbẹ̀, o ò ní rí dúdú kankan.

Bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Yẹ́lò tó mọ́lẹ̀ kì í bo nǹkan mọ́lẹ̀, torí ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ lónìí máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Yẹ́lò cadmium ń bo nǹkan ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n májèlé ni. (Tó o bá rí túùbù tí wọ́n kọ cadmium sí lára, má ṣe fi ẹnu tọ́ orí búrọ́ọ̀ṣì rẹ o.) Nítorí náà, gbàgbé primer dúdú (primer ni ọ̀dà tí a kọ́kọ́ ń fi bo ère kí ìyókù lè lẹ̀ mọ́ ọn). Fi primer funfun tẹ́lẹ̀, kó o kun Averland Sunset, yẹ́lò láti ọ̀dọ̀ Citadel tó ń ṣe ọ̀dà ère, lé e, torí ó gbó díẹ̀, ó sì ń bo nǹkan. Yriel Yellow ló máa tẹ̀ lé e, kó o wá fi Flash Gitz Yellow mọ sí etí àti ibi tó yọ síta jù. Fi omi là á. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan tó ki lọ. Àwọn kan máa ń fi píǹkì sábẹ́ yẹ́lò. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀ fún ère ńlá, torí ó ń jẹ́ kí yẹ́lò pọ́n, òjìji á sì ti máa hàn níbẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Tí owó Citadel bá pọ̀ jù, akíríìlì inú túùbù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọnà ń rà máa ṣe é: yellow ochre fún ìpìlẹ̀, burnt sienna fún òjìji. Ilẹ̀ pupa Àkúrẹ́ tó ń lẹ̀ mọ́ bàtà wa yìí, irin tó ti dípẹtà nínú rẹ̀ ló fún un ní àwọ̀. Irú irin bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú ọ̀dà méjèèjì, òun ló sì jẹ́ kí ochre máa bo nǹkan mọ́lẹ̀ ju yẹ́lò títàn lọ.

Wàyí o, wash gan-an. Má dà á bo gbogbo ara ère. Casandora Yellow àti Fuegan Orange dára, ṣùgbọ́n èyí tí mi ò lè ṣe aláìní ni Reikland Fleshshade, wash búráùn tó pupa díẹ̀. Mo máa ń fi Lahmian Medium, omi ọ̀dà tí kò ní àwọ̀, là á, wash kan sí medium méjì, torí omi lásán ń jẹ́ kó ṣàn lọ síbi tí mi ò rán an. Seraphim Sepia náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ yẹ́lò rẹ máa gbó ju bó o ṣe rò lọ.

Ìhámọ́ra èjìká ni ibi ìdánwò. Ó tóbi, ó rí roboto, ojú rẹ̀ sì ń dán. Tó o bá da wash lé e, wò ó dáadáa: á kọ́kọ́ tẹ́ lọ geerege, lẹ́yìn náà etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ṣáájú àárín, omi á máa wọ́ àwọ̀ lọ sí etí yẹn, nígbà tó bá sì fi máa gbẹ tán, òrùka búráùn kan ti jókòó síbi tó yẹ kó mọ́ jù. Lásìkò ọyẹ́, kí ojú tó ṣẹ́ ló ti gbẹ. Búrọ́ọ̀ṣì méjì ni mo máa ń mú dání. Ọ̀kan ní wash lẹ́nu, ìwọ̀nba tí kò ní kán. Èkejì rin díẹ̀, mo ti nù ún sára aṣọ. Màá fi ti àkọ́kọ́ fa ìlà sínú kòtò abẹ́ etí ìhámọ́ra náà nìkan. Kó tó gbẹ, màá fi èkejì fà á wá sókè díẹ̀díẹ̀ títí tí mi ò fi ní rí ààlà láàárín òjìji àti yẹ́lò mọ́. Tí òrùka bá ti ń gbẹ, má fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́, torí ìdajì rẹ̀ á ṣí, ìdajì á kù. Jẹ́ kó gbẹ tán, kó o fi yẹ́lò ìpìlẹ̀ tó o ti là fẹ́lẹ́ bò ó padà. Wet palette sì ṣe pàtàkì nígbà ọyẹ́: kànrìnkàn tútù nínú abọ́ pẹrẹsẹ, pẹ̀lú bébà tí àwọn tó ń yan kéèkì ń lò lórí rẹ̀.

Kọ̀rọ̀ tó jìn jù, bí abẹ́ apá àti ẹ̀yìn orúnkún, ni mo máa ń fi àlùkò sí, kó fẹ́lẹ́ débi pé agbára káká lo fi máa rí i. Àlùkò àti yẹ́lò dojú kọra lórí color wheel, àyíká tí wọ́n to àwọ̀ sí, ọ̀kan ń pa agbára èkejì. Díẹ̀ á jẹ́ kí òjìji jìn láìdi àwọ̀ ewé, àpọ̀jù á sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Fún ìlà tó wà láàárín irin kan àti èkejì, Rhinox Hide, búráùn tó ṣókùnkùn, ni mo ń lò. Dúdú gidi, ìbọn àti etí ìhámọ́ra ni mo ń fi í sí, lẹ́yìn tí yẹ́lò bá ti parí, níbẹ̀ ló ti ń gbé yẹ́lò yọ.

Má sì kùn ún lábẹ́ gílóòbù pupa. Kò ní jẹ́ kó o mọ yẹ́lò yàtọ̀ sí funfun, wàá kàn máa bù ú lé e lórí, tílẹ̀ bá mọ́, o ò ní dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ mọ̀. Tí wọ́n bá ti múná lọ, mo máa ń dúró de ojúmọ́ ni, tàbí kí n tan LED funfun oníbátìrì.

Àwọ̀ ọsàn kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Pupa ti wà nínú rẹ̀, nítorí náà ó lè ṣókùnkùn láìsọ ara rẹ̀ nù. Búráùn fúnra rẹ̀ kò ju àwọ̀ ọsàn tó ṣókùnkùn lọ. Búráùn tó pupa ni kó o fi ṣe òjìji rẹ̀, tàbí kó o pò búlúù bíńtín mọ́ àwọ̀ ọsàn yẹn kó o wo bó ṣe ń di búráùn lójú rẹ. Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ ni òkè, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń bà. Funfun ni ọ̀pọ̀ ń pò mọ́ ọn níbẹ̀, á sì rí bí ẹfun, á máa lọ sí píǹkì. Yẹ́lò díẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ pò mọ́ ọn, kó o wá fi àwọ̀ ara òyìnbó parí etí. Tó o bá ń kánjú, Gryph-Hound Orange, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dà Contrast tí Games Workshop, iléeṣẹ́ tó ni Citadel, gbé jáde ní 2019, máa ṣe òjìji fúnra rẹ̀ lórí primer tó mọ́. Ó dára gan-an fún irun ẹranko àti aṣọ tó ká jọ. Iyanden Yellow wà lára wọn náà, ṣùgbọ́n má lò ó fún irin tó tẹ́jú, ó máa ń ṣe bátabàta níbẹ̀.

Àwọn tó ti di àwọ̀ ewé lọ́wọ́ rẹ báyìí, má wulẹ̀ bó ọ̀dà ara wọn. Fi Averland Sunset kun gbogbo ibi tó tẹ́jú, kó o fo àwọn kòtò. Ẹ̀ẹ̀mejì lè má tó, torí wash dúdú yẹn á máa yọjú láti ìsàlẹ̀. Tó bá ti bò ó, fi Reikland Fleshshade tó ò là rárá gba inú kòtò. Pupa inú rẹ̀ á pa àwọ̀ ewé yẹn. Ìgbà yẹn ni kó o tó padà sí Yriel Yellow. Tí òjò bá ń rọ̀, varnish oníbúrọ́ọ̀ṣì, ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dáàbò bo iṣẹ́, ni kó o fi parí rẹ̀, torí ọ̀rinrin máa ń jẹ́ kí èyí tí wọ́n ń fín láti inú agolo di funfun lára ère. Mú ẹyọ kan ṣe ná, kó o gbé e síta ní ojúmọmọ nígbà tó bá gbẹ, kó o tó fọwọ́ kan àwọn yòókù. Tí àwọ̀ ewé bá ṣì ń hàn nínú kòtò, ya fọ́tò rẹ̀ kó o fi ránṣẹ́ sí mi, kó o sì sọ orúkọ wash tó o kọ́kọ́ lò.