O ti gba CCNA, wọ́n ṣì ń béèrè ìrírí

Àbúrò mi, o ní ìwé-ẹ̀rí CCNA, èyí tí ilé-iṣẹ́ Cisco ń fúnni lórí iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, ti wà lọ́wọ́ ẹ, àmọ́ gbogbo ibi tí o ń wáṣẹ́ lọ ni wọ́n ti ń béèrè ìrírí ọdún 2, pé níbo lo ti fẹ́ rí i nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbà ọ́ síṣẹ́. Ojú mi náà ti rí i.

Packet Tracer, ètò Cisco tí a fi ń dán nẹ́tíwọ̀kì wò lórí kọ̀ǹpútà, dáa, ọ̀fẹ́ sì ni, máa lò ó lọ. Ṣùgbọ́n nínú Packet Tracer, NEPA kì í mú iná lọ, eku kì í sì í jẹ wáyà.

Ilé-ìwé aládàáni kan n'Íbàdàn ni ọwọ́ mi ti mọ iṣẹ́. Mo lọ bá ọ̀gá wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa tọ́jú nẹ́tíwọ̀kì wọn, owó ọkọ̀ nìkan ni mo gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kò sẹ́ni tó rí íntánẹ́ẹ̀tì lò mọ́. Mo pa ráútà, mo tún un tàn, pàbó. Mo pe àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa, mo tiẹ̀ fìbínú sọ̀rọ̀ sí wọn (kí Ọlọ́run foríjì mí). Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó wojú switch (àpótí tí wáyà àwọn kọ̀ǹpútà ń wọ̀) tó wà ní yàrá kọ̀ǹpútà: gbogbo iná ara ẹ̀ ló ń ṣẹ́jú pọ̀, wàràwàrà, láìsinmi. Wáyà kan ṣoṣo ni, orí rẹ̀ méjèèjì wà nínú switch kan náà! Ẹni tó ń gbálẹ̀ ló rí orí wáyà nílẹ̀, ló bá bá wa tì í bọ ihò tó ṣófo. Switch olówó pọ́ọ́kú ni, kò ní spanning tree, ètò tó máa ń dí irú lúùpù bẹ́ẹ̀, níbi tí ìsọfúnni ti ń yípo láìdúró títí nẹ́tíwọ̀kì á fi kún. Mo fà á yọ, gbogbo ẹ̀ padà bọ̀ sípò. Mo ti gba ìbéèrè spanning tree nínú ìdánwò o, àmọ́ mi ò mọ bí lúùpù ṣe ń rí lójú.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, mo jókòó n'Íbàdàn, mo ń tún access list (òfin tó ń sọ ohun tó lè kọjá àti ohun tí kò lè kọjá) ṣe lórí ráútà kan tó wà l'Abẹ́òkúta. Mo tẹ Enter, ló bá dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ti ti ara mi mọ́ òde. Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ lọ ṣí i. Láti ọjọ́ náà, n kì í fọwọ́ kan ráútà Cisco tó jìnnà láìkọ́kọ́ tẹ "reload in 10": bí mo bá ba nǹkan jẹ́, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 á tún ara ẹ̀ tàn, á padà sí ètò tí mo ti fi pamọ́. Bí ó bá dáa, mo tẹ "reload cancel", kí n tó wá fi tuntun pamọ́. Safe Mode ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí ráútà MikroTik.

Gbogbo ẹ̀ ni mo ń kọ sínú ìwé kan: ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí mo gbìyànjú, ohun tó padà jẹ́. Níbi tí wọ́n ti gbà mí síṣẹ́, wọn ò wo ìwé-ẹ̀rí mi tó ìṣẹ́jú kan. Ọ̀rọ̀ ráútà Abẹ́òkúta yẹn la sọ títí.

Tí o bá fẹ́ ra switch tòkunbọ̀ ní Computer Village, n'Íkẹjà, mú console cable (wáyà tí a fi ń so kọ̀ǹpútà mọ́ switch láti tò ó) dání, kí wọ́n tàn án lójú ẹ kí o tó sanwó.