Èsì: Lẹ́ǹsì tí ọmọ ń wọ̀ sùn
Ìyá wa n'Íkòròdú, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ ní ṣé lẹ́ǹsì àwọ̀sùn, ìyẹn ike kékeré tí wọ́n ń fi lé ẹyinjú kí ọmọ tó sùn, lè wo ojú ọmọ yín tí kì í rí ọ̀ọ́kán sàn. Rárá o. Ó kàn ń tẹ iwájú ẹyinjú pẹlẹbẹ díẹ̀ lóru ni. Bó bá yọ ọ́ láàárọ̀, á ríran láìlo awò. Bó bá pa á tì fún ọjọ́ mélòó kan, ojú á padà síbi tó wà. Àmọ́ ó lè dín bí ojú ọmọdé ṣe ń burú sí i kù, ìdí tí mo fi fara mọ́ ọn nìyẹn.

Omi ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ jọ̀ọ́, omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ, bó ti wù kó mọ́ tó, kò gbọdọ̀ kan lẹ́ǹsì náà: kòkòrò inú rẹ̀ lè fọ́ ojú! Omi tí wọ́n ṣe fún fífọ lẹ́ǹsì nìkan ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́. Bí ojú bá pọ́n tàbí tó ń ro ó, ẹ yọ lẹ́ǹsì náà, kẹ́ ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lọ́jọ́ náà gan-an.