Ẹ Bi Wá: Ṣé èèyàn lè kọ́ iṣẹ́ sólà lórí YouTube láìní ọ̀gá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, okun o. Kabba ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Iṣẹ́ télọ̀ ni mo ń ṣe, àmọ́ ọ̀rọ̀ iná yìí ti sú mi, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò àwọn tó ń so sólà lórí YouTube, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ gbogbo ẹ̀ sórí báyìí. Mo fẹ́ so ti ilé wa fúnra mi, tó bá yá kí n máa gbaṣẹ́ níta. Bàbá mi ní kò jọ ọ́, wọ́n ní iṣẹ́ iná téèyàn ò kọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, ikú ló wà ńbẹ̀. Ẹ bá wa dá sí i. (Ọmọ Kabba)

ÌDÁHÙN: Okun o, àbúrò mi. Pé èèyàn lè kọ́ nǹkan tó le lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn mọ́. Ṣé o ti gbọ́ nípa Julius Yego, ọmọ Kẹ́ńyà tó ń ju ọ̀kọ̀? Kò rí kóòṣì tó mọ ọ̀kọ̀ jíjù nítòsí, ló bá jókòó ti YouTube, ó ń wo bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń sáré àti bí wọ́n ṣe ń jù ú, ó sì ń lọ pápá lọ gbìyànjú ẹ̀. Nígbà tó di 2015 ní Beijing, ó jù ú dé mítà 92.72, ó gba góòlù àgbáyé. Àmọ́ kó tó dé bẹ̀, ó lọ sí Finland, kóòṣì wò ó níbẹ̀, ó sì tún ọwọ́ ẹ̀ ṣe. Fi ìyẹn sọ́kàn.

Ohun tó bà mí lẹ́rù nínú lẹ́tà ẹ ni pé o ní o ti mọ̀ ọ́n sórí. Fídíò ibo lo wò? Púpọ̀ nínú wọn, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, lọ́dọ̀ wọn, wáyà dúdú niná wà nínú ẹ̀, funfun ni neutral, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà. Nílé wa níbí, àwọn ilé tí wọ́n ti wáyà látijọ́, pupa niná wà nínú ẹ̀, dúdú gan-an ni neutral, àwọn ilé tuntun ló ń lo búráùn àti búlúù. Ṣó o rí i? Ẹni tó mọ fídíò yẹn sórí tó wá ṣí bọ́ọ̀dù ilé bàbá ẹ̀ ní Kabba, ó lè gbá pupa mú pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀. Iná tiwa sì ju tiwọn lọ, nǹkan bíi 120 volt ni tiwọn, 230 ni tiwa. Àwọn míì tó ń wáyà ilé níbí, èyí tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ń lò, torí náà má gba àwọ̀ gbọ́ rárá, tẹ́sítà ni kó o gbà gbọ́, òun náà kọ́kọ́ fi kan ibi tó o mọ̀ pé iná wà kó o rí i pé ó ń ṣiṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pánẹ́ẹ̀lì. Wàá rí i tí wọ́n gbé tiwọn dúró bíi digiri 40, oòrùn tiwọn ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kabba ò ju nǹkan bíi digiri 8 lókè ìlà agbedeméjì ayé lọ, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wà lórí wa gangan, digiri 10 sí 15 ti tó, kó kọjú sí gúúsù. Nígbà ọyẹ́, máa fi omi àti aṣọ nù ún láàárọ̀, eruku yẹn ń jẹ iná gan-an.

Ká wá ṣe ìṣírò tìẹ. Bátìrì 12 volt, 200Ah, 12 lọ́nà 200 jẹ́ watt-hour 2,400, ìyẹn iye iná tó lè gbà, àmọ́ tó bá jẹ́ bátìrì olómi, ìdajì ni kó o lò tó o bá fẹ́ kó pẹ́, ìyẹn 1,200. Áyọ́ọ̀nù 1,000 watt tó o fi ń lọ aṣọ oníbàárà á jẹ gbogbo ẹ̀ tán láàárín wákàtí kan àti díẹ̀! Ẹni tó ṣe fídíò ò mọ̀ pé télọ̀ ni ẹ́. Fi áyọ́ọ̀nù eléèédú sílẹ̀ fún aṣọ, kí sólà máa gbé gílóòbù, fáànù àti máṣíìnì.

Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pánẹ́ẹ̀lì kan, bátìrì kan, gílóòbù 12 volt, kó o sì fi fiúùsì sẹ́bàá orí pósítífù bátìrì. 12 volt ò ní gbé ẹ, àmọ́ tí sípánà bá já lu orí méjèèjì pọ̀, iná lè sọ. Tó o bá fẹ́ bi àwọn tó mọ̀ ọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì, má kàn kọ "kò ṣiṣẹ́", kọ iye volt tí mítà gbé jáde, ya fọ́tò wáyà ẹ.

Ibi tí mo ti wà lẹ́yìn bàbá ni ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, tó fẹ́ wọnú wáyà ilé. Tó o bá so ó láìsí ṣéńjóófà, ìyẹn súìṣì tó ń ya iná tìẹ sọ́tọ̀ sí ti NẸ́PÀ, iná tìẹ lè gba wáyà NẸ́PÀ jáde lọ bá ẹni tó wà lórí òpó. Fún ìyẹn, ẹ wá ẹlẹtíríṣíànì àgbà kan kó wo iṣẹ́ ẹ kó o tó tan án. Sanwó fún un, kó o sì dúró tì í.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọbìnrin mi ṣe tán ní sẹ́kọ́ńdírì, ó ń retí JAMB, ó ní òun ń kọ́ kọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé kì í ṣe jìbìtì? (Ìyá kan ní Ìsánlú)

ÌDÁHÙN: Mà, kì í ṣe jìbìtì. freeCodeCamp, ìkànnì tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní kọ́ọ̀dù, ti wà láti 2014, ọ̀fẹ́ ni, CS50, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ti yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà náà, ọ̀fẹ́ lèèyàn lè fi kọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó fọ́ọ̀mù kó tó lè wọ freeCodeCamp, olè ni. Fóònù tó láti fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ọwọ́ á máa dùn ún, ẹ wá láptọ́ọ̀pù àlòkù fún un tágbára bá ká a. Kó máa fi ohun tó bá kọ hàn yín lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kódà bí ò bá yé yín. Tó bá jẹ́ fídíò nìkan ló ń wò tí kò sí ohun kan tó ṣe, ẹ tètè bi í.