Aglæca: ẹbọra ni àbí akọni?

Ìbéèrè náà ni pé kí ló dé tí ewì Beowulf, ìtàn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, fi ń pe ẹbọra tó ń pa èèyàn jẹ ní aglæca, tó tún ń pe akọni tó pa ẹbọra, ìyẹn Beowulf fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀. Èsì tó wà lẹ́nu gbogbo èèyàn ni pé ìtumọ̀ méjì ló ní: bó bá jẹ́ ọ̀tá, "ẹbọra" ni, bó bá jẹ́ ẹni tiwa, "jagunjagun" ni. Ẹ̀yin ará, ṣé àlàyé nìyẹn? Ojúsàájú ni wọ́n fi wọ aṣọ ìtumọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú ewì náà. Ìlà 3182 ló ní, ẹ̀dà kan ṣoṣo ló sì ṣẹ́ kù, èyí tí akọ̀wé méjì fọwọ́ kọ ní nǹkan bí ọdún 1000, tó wà ní British Library ní London. Grendel, tó ń wọ gbọ̀ngàn Hrothgar ọba Dẹ́nmáàkì lóru láti pa àwọn ọmọ ogun rẹ̀ jẹ, ló ń jẹ́ aglæca jù, bẹ̀rẹ̀ láti ìlà 159. Ìyá rẹ̀ jẹ́ aglæcwif ní ìlà 1259, wif sì ni obìnrin. Dírágónì ìparí ìtàn náà ń jẹ́ ẹ. Títí débẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jiyàn.

Ìlà 893 ni ọ̀rọ̀ ti di àríyànjiyàn. Sigemund, akọni ayé àtijọ́ kan tí wọ́n ń kọrin nípa rẹ̀ nínú ewì náà, ti pa dírágónì tirẹ̀, akéwì ní aglæca náà ti fi ìgboyà gba ẹ̀tọ́ láti jẹ ìṣúra. Akọni pátápátá ni Sigemund, àpẹẹrẹ rere sì ni wọ́n fi ṣe fún Beowulf nínú orin ìyìn yẹn.

Ṣùgbọ́n ìlà 2592 ni kí ẹ gbájú mọ́. Beowulf ti darúgbó, idà rẹ̀ ti kùnà lára dírágónì, òun àti ẹranko náà ti fà sẹ́yìn díẹ̀. Akéwì wá ní kò pẹ́ tí àwọn aglæcean fi tún pàdé ara wọn. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó kó àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹni tó ní ìtumọ̀ méjì ló ní, kó wá sọ fún wa èwo nínú méjèèjì ló wà níhìn-ín. Bí "ẹbọra" bá ni, Beowulf ti di ẹbọra. Bí "jagunjagun" bá ni, dírágónì ti di ọmọ ogun. Friedrich Klaeber, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì tó tẹ ewì náà jáde ní 1922, to ìtumọ̀ méjèèjì yẹn sínú àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ olùtúmọ̀ sì ń tẹ̀ lé e láìbi ara wọn léèrè. Ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí wọ́n ń ṣe ní Toronto sàn jù: alátakò abanilẹ́rù, oníjà gbígbóná.

Ní tèmi, abàmì ni. Fẹlá ń jẹ́ Abàmì Ẹ̀dá, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ tó rò pé iwin ni wọ́n ń pè é. Ẹyẹ tó bá ń ké lọ́nà tó ń dẹ́rù bani náà abàmì ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ bí nǹkan ṣe tóbi ju ìwọ̀n wa lọ, kì í ṣèdájọ́ ìwà. Bẹ́ẹ̀ ni aglæca. Ẹ̀rí tó lágbára jù kò tilẹ̀ sí nínú Beowulf: Byrhtferth, mọ́ńkì ìlú Ramsey, pe Bede, mọ́ńkì ọ̀mọ̀wé tó ṣáájú rẹ̀, ní olùkọ́ tó jẹ́ æglæca nínú ìwé tó kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlá. Bede tó kú ní 735 kò gbé idà rí, kò sì jẹ èèyàn. Ìmọ̀ rẹ̀ ló kọjá àfẹnusọ. Nípa gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà, àwọn onímọ̀ ṣì ń jà. Kò dí wa lọ́wọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ yẹ gbogbo rẹ̀ wò, kó má wá aglæca nìkan. Àwọn akọ̀wé kọ ọ́ ní æglæca, wọ́n kọ ọ́ ní ahlæcan ní ìlà 646 àti 989, wọ́n sì kọ ọ́ ní aglæcean ní ìlà 2592 gan-an. Kí ẹ sì ṣọ́ ìparí -an: ó lè jẹ́ ọ̀pọ̀, ó sì lè jẹ́ ẹyọ kan tí wọ́n ṣe nǹkan sí. Ohun tó da ìlà 1512 rú nìyẹn. Beowulf ń rì lọ sí ibùgbé ìyá Grendel, àwọn ẹranko omi ń fi eyín ya ẹ̀wù irin rẹ̀, akéwì wá ní ehton aglæcan. Ehton ni "wọ́n lépa". Ṣé àwọn abàmì ló ń lépa ni, àbí abàmì ni wọ́n ń lépa? Gírámà gba méjèèjì. Ìwé ìtumọ̀ tó bá kọ "àwọn ẹbọra lépa rẹ̀" síbẹ̀ láìfi àlàyé sísàlẹ̀ ojú ewé ti gbé ìdajì ìlà náà mì.