Àròkọ tí kò ní máàkì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Tíṣà. Mo ti gba dìgírì mi nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, mo sì fẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Amẹ́ríkà. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún LSAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ ilé ẹ̀kọ́ òfin níbẹ̀. Wọ́n ní àròkọ kan wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í fún un ní máàkì. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ó yẹ kí n máa pa ara mi lórí ohun tí kò ní máàkì? Gẹ̀ẹ́sì mi ò kúkú burú.
Ọmọ Sábó, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú ìmúra. Ọ̀rọ̀ tó o fi kádìí rẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ mú. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú yìí, àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì wọn dùn jù gan-an ni àròkọ wọn máa ń sú mi. Wọn a to ọ̀rọ̀ ńláńlá jọ. Bó o bá ní ẹ̀rí dà, ẹnu a wọhò.

Lóòótọ́, àròkọ yẹn kò sí nínú máàkì LSAT, èyí tó ń lọ láti 120 dé 180. Àmọ́ bó ò bá kọ ọ́, wọn ò ní tú èsì rẹ sílẹ̀. Bó o bá sì kọ ọ́, òun àti èsì ni wọ́n jọ ń lọ sí yunifásítì tó o bá kọ̀wé sí. Lẹ́tà nípa ara rẹ tó o máa fi ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n àti ọ̀rẹ́ lè ti bá ọ tún un ṣe. Èyí, ìwọ nìkan lo jókòó tì í, tí kámẹ́rà ń wò ọ́.

Ní 2024 ni wọ́n yí i padà. Tẹ́lẹ̀, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbé síwájú èèyàn pé kó mú ọ̀kan. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn kan ni, pẹ̀lú èrò oríṣiríṣi lórí rẹ̀. Wọ́n á fún ọ ní ìṣẹ́jú 15 láti ronú, àti 35 láti kọ ọ́. Wàá sọ ibi tó o dúró sí, wàá sì dá àwọn tí kò sí lẹ́yìn rẹ lóhùn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: ìdí àròkọ náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ti ilé wa ṣe é. Ṣé ó yẹ kí obìnrin máa tilẹ̀kùn mọ́rí lọ́jọ́ Orò ní Ìkòròdú? Oníṣẹ̀ṣe á ní àṣà ìlú ni. Ìyá aláta á ní tòmátì òun ò mọ̀ pé Orò ń jáde, ó ń rà ní tiẹ̀. Nọ́ọ̀sì á bi wọ́n pé ta ni yóò gbẹ̀bí. Èmi tí mo ti ń tilẹ̀kùn láti ìgbà ọmọdé, mo mọ apá ibi tí mo wà, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọmọ àbúrò mi tó ń múra fún ìdánwò yìí gbèjà apá kejì. Ìlà tó kọ́kọ́ kọ rèé: “Àwọn obìnrin tó ń ráhùn kò bọ̀wọ̀ fún àṣà.” Mo fi bírò pupa fà á. Èébú nìyẹn. Ó tún un kọ: “Òótọ́ ni pé tòmátì lè bàjẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń kéde ọjọ́ náà ṣáájú, ìyá aláta lè dín ọjà tó ń rà kù.” Ó ti gbà pé ìyá aláta ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ó sì dá a lóhùn lórí tòmátì gan-an. (Ṣé mo gbà fún un? Rárá o!)

Má fi bírò ṣe ìdánrawò. Kọ̀ǹpútà ni wàá fi tẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kí fóònù ka ìṣẹ́jú 15 náà pé kó o tó tẹ ọ̀rọ̀ kan, nítorí ibẹ̀ ni ìkánjú ti ń ba àròkọ jẹ́.

Ọjọ́ mẹ́jọ ṣáájú apá ìdánwò yòókù ni wọ́n ti ń ṣí àròkọ náà sílẹ̀, ilé rẹ lo sì ti lè ṣe é, ní wákàtí tó bá wù ọ́. Má yan ìrọ̀lẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò ń ké. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni ọmọ àbúrò mi yan, nínú yàrá mi. Èmi ni mo gbàgbé, mo ṣílẹ̀kùn, abọ́ àkàrà lọ́wọ́ mi. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ òsì nìkan ló ń jù sí mi lábẹ́ tábìlì. Mo fi ẹ̀yìn rìn jáde, tèmi tàkàrà.

Sọ fún ará ilé rẹ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Kó o sì fi kọ́kọ́rọ́ tilẹ̀kùn, torí a máa ń gbàgbé.